Bàbá Tó Di Kọ́kọ́rọ́ Mú

Òórùn kòkó gbígbẹ ni Dùgbẹ̀ máa ń rùn láyé ìgbà náà, pàápàá bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí oòrùn sì jáde. Òórùn yẹn ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ tí àwa ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan jókòó sí, tí a ń retí kí wọ́n pè wá wọlé wá fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo wa la sì fẹ́ di ọ̀gá lọ́fíìsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá mi padà níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Òkè Àdó ti sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé bí eléyìí bá tún bọ́, kí n kó ẹrù mi, kí n padà sí Ìsẹ́yìn lọ bá bàbá mi nídìí òfì. Kì í ṣe òfì ló ń bà mí lẹ́rù. Ojú ìyá mi ni n kò mọ bí n óò ṣe wò. Wọ́n ti fọ́nnu fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àwọn yóò máa wọ táì.

Nígbà tó kàn mí, òyìnbó kan àti àgbàlagbà Yorùbá kan tó wọ kóòtù ni mo bá nínú yàrá. Òyìnbó náà ní kí n gbà pé wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá sítọ́ọ̀ kòkó. Kí n tún gbà pé bàbá kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, tó lè bí mi lọ́mọ, di kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ mú, ó ní òun kò ní í fún mi. Lọ́rì tó kó kòkó dé wà níta, òjò sì ti ṣú. Ó ní kí ni n óò ṣe?

Tíṣà wa ti kọ́ wa pé ẹni tó bá tètè dáhùn ló mọ̀wé. Nílé ẹ̀wẹ̀, àgbà kì í bi ọmọdé ní ìbéèrè kí ọmọdé tún bi í padà. Àfojúdi gbáà ni. Síbẹ̀, mo lanu láti dáhùn. Ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Kí ni wọ́n fi ṣe bàbá náà?”

Mo ní ó parí, Ìsẹ́yìn yá.

Àgbàlagbà náà ló sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sì sọ: “Láti àárọ̀ ni àwọn tó ṣíwájú rẹ ti ń lé bàbá yìí níṣẹ́ nínú yàrá yìí. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè ohun tó ṣe é. Ẹnu màsíńjà ló ti gbọ́ pé wọ́n fi ọmọdé ṣe ọ̀gá rẹ̀.”

“Ṣé kò sẹ́ni tó pe bàbá sọ fún wọn ni, sà?”

“Kò sẹ́nì kan.”

Ọkàn mi bá balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ilé. Mo padà sí Gẹ̀ẹ́sì, mo ní n óò dọ̀bálẹ̀ kí wọn, n óò bẹ̀ wọ́n, n kò sì ní gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ni n óò bẹ̀ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí òjò tó dé. Bí a bá kó kòkó wọlé tán, a ó jókòó sọ ìyókù. Òyìnbó náà béèrè ìdí tí ọ̀gá yóò fi dojú bolẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbà mí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé sítọ́ọ̀, mo bá bàbá kan lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ojú wọn le koko. Àṣé ìbéèrè náà kì í ṣe àlọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní kí n dìde, kí wọ́n tó lọ ṣílẹ̀kùn.

Èmi náà ti jókòó ní ìhà kejì tábìlì láti ìgbà náà, mo ti gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ka iwájú ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n sọ fún wọn pé èèyàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, inú sì ń bí i. N kì í sọ ọ́. Mo máa ń tẹ́tí ni, kí n gbọ́ bóyá wọn yóò béèrè rẹ̀.