Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Fọláwùnmí?

Ọmọ mi, Dókítà Fọláwùnmí Akínyẹmí, kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún tó kọjá, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń ṣe olùkọ́. N kò wí pé inú ilé ìwòsàn. Ẹnu ọ̀nà ni. Ikọ́ fée ló gbé e débẹ̀, àgádágodo ló dá a dúró. Àwọn tó gbé e wá lu ilẹ̀kùn títí. Ọlọ́dẹ ní àṣẹ òkè ni, wọ́n ti ti gbogbo ọgbà pa. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ síbòmíràn nínú Adó, ó ti dákẹ́.

Dókítà tí mo pè é yẹn, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Èmi náà kò tètè mọ̀. Lọ́jọ́ tó gboyè, mo ká ṣòkòtò sókè, mo na orúnkún tó ń dùn mí sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìjọba ni mò ń yẹ̀ wò, kì í ṣe orúnkún." Mo ní, "Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló ń ṣàìsàn jù?" Káfíńtà ni mí ní àdúgbò Òkè-Ìlá nínú Adó, n kò mọ ìwé. Bí ẹ bá fún mi ní lẹ́tà, ohun tí mo lè ṣe sí i ni kí n wọn gígùn rẹ̀.

Iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni ìwádìí agbára tí olórí orílẹ̀-èdè ní lórí ètò ẹ̀kọ́. Ó ń ti ìlú Ìyìn bọ́ sí ìlú mìíràn, ó ń bi àwọn olùkọ́ léèrè bí àṣẹ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Èyí tí o fi gbogbo ọdún yìí wá kiri, mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó bí ọ. Olórí ló ń pàṣẹ, àwa là ń gbà."

Ó ní, "Bàbá, ó kù díẹ̀. Olórí a sọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó wà lábẹ́ a fi mẹ́sàn-án tiwọn kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀rù kò bà wọ́n tó. Mẹ́sàn-án yẹn ló ń pa ilé ẹ̀kọ́."

Mo ní n kò gbà. Ó ní kí n rántí ọ̀rọ̀ iyán.

Ká ní ọwọ́ mi ló wà ni, ẹnikẹ́ni kì bá tí gbọ́ ọ̀rọ̀ iyán. Nígbà tí Àdùkẹ́, ìyá rẹ̀, wà láyé, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Mo ní n kò fẹ́ ariwo. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdùkẹ́ bọ́ síta, ó ní, "Bàbá Fọlá ní kí ulé dákẹ́." Wọ́n pa rédíò. Wọ́n lé ewúrẹ́ jáde. Wọ́n lé aládùúgbò tó wá fọn iná. Nígbà tí mo jí, ebi ń pa mí bí ẹni máa kú, wọ́n sì gbé gààrí àti omi tútù síwájú mi. Mo béèrè iyán. Àdùkẹ́ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé odó kì í pariwo ni?" Mo mu gààrí mi. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Ìtàn yẹn ni ọmọ mi fi sí orí kejì ìwé rẹ̀. Ó sọ fún mi pé mo wà nínú ìwé, kò sọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Mo rìn káàkiri Òkè-Ìlá bí ẹni joyè. Mo sọ fún Àkíbù aránṣọ, ọ̀rẹ́ mi, pé èmi àti àwọn olórí orílẹ̀-èdè la jọ wà nínú ìwé kan náà. Ó ní, "Kí lo ṣe?" Mo ní, "Àkóso ni mo ṣe." Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni aláṣẹ tí àṣẹ ara rẹ̀ febi pa.

Lọ́jọ́ tí àṣẹ dé láti Àbújá, ṣọ́ọ̀bù Àkíbù ni mo jókòó sí. Rédíò sọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga máa lọ sílé wọn títí wọn yóò fi tún gbọ́. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní Fọlá yóò ráyè sinmi. Ẹ ò rí àgbàlagbà tó ń pàtẹ́wọ́ fún òkò tí wọ́n sọ sí ilé rẹ̀.

Bàbá kì í dé ibi sàréè ọmọ. Mo ti kan pósí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òkè-Ìlá, ṣùgbọ́n nígbà tó kan tirẹ̀, wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ mi. Ilé ni mo jókòó sí tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi wá kí mi. Èyí tó ṣe olórí wọn ní, "Bàbá, ẹ gba kámú. Àṣẹ òkè ni." Kí ni mo ṣe? Mo mi orí. Mo fún wọn lóbì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀, mo tún bá wọn ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi, èmi ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Bí ẹ bá ń wá ọ̀dẹ̀, ẹ má wá a jìnnà.

Odó Àdùkẹ́ ni mo jókòó tì lọ́jọ́ kan tí làákàyè mi fi padà dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni rédíò pè. Kò pe nọ́ọ̀sì. Kò dárúkọ ilé ìwòsàn. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọgbà náà. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilé ìwòsàn. Ní ilé àlejò tó kọjú sí i, jẹnẹrétọ̀ ń dún, wọ́n ń dín adìyẹ. Ṣé àṣẹ òkè kò rí adìyẹ ni? Àbí oògùn nìkan ló kórìíra?

Mo bi ọlọ́dẹ pé ta ló ní kó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀gá òun ni. Ọ̀gá rẹ̀ ní ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tí mo bá nínú ìgbìmọ̀ sọ pé òkè ni. Mo wo òkè. Òrùn ni mo rí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún pàdé, wọ́n ní wọ́n dìde dúró, wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan ní ìrántí rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Ìwé rẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí láti tẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní àsìkò kò tíì tó.

Ẹ̀bùnọlá, tí òun àti ọmọ mi jọ ń kọ́ni, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n pe ilẹ̀kùn tí wọ́n tì yẹn ní àṣìṣe?" Mo ní bó bá jẹ́ àṣìṣe ni, mo mọ ọ̀nà tí n ó gbà sọ bẹ́ẹ̀. Kó kọ ohun tí mo wí.

Ohun tí mo wí nìyí. N kò bá olórí tó wà ní Àbújá wí lórí ilẹ̀kùn yìí; kò mọ̀ pé ó wà láyé. Mo ti ń kan ilẹ̀kùn láti ìgbà èwe mi, n kò tíì kan èyí tó ti ara rẹ̀ rí. Ọwọ́ kan ló ti í, ọwọ́ náà sì ní orúkọ. Kí ìgbìmọ̀ dárúkọ ẹni tó fi ilé ìwòsàn kún àṣẹ, kí ẹni náà dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn lójú gbogbo ayé, kó sọ ìdí rẹ̀. Kí wọ́n tẹ ìwé ọmọ mi, kí wọ́n má yọ orí kejì kúrò. Ẹ jẹ́ kí ayé fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo dá odó dúró, mo ti sọ ọ́. Ta ló ti ilẹ̀kùn?