Ọjọ́ Tí Mo Fi Kóòdù Nu Òógùn Nù Lójú Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Douala. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù!

Àsìkò wàhálà Bàkásì ni, nígbà tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń jà lórí ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ṣakirat, ti rí ọkọ: Mùtíù, tó máa ń wá ra aṣọ ní ọjà Mboppi níbí, àmọ́ tó ti padà sí Ìsẹ́yìn. Ó yẹ kí ìyá Mùtíù wá fojú ara wọn rí Ṣakirat, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba ẹnubodè kọjá nígbà yẹn? Wọ́n ní ká fi fọ́tò ránṣẹ́. Bó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ìdána yóò bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò wo la ní? Ọ̀kan ṣoṣo, tí aládùúgbò wa yà ní Youpwè, ọjà ẹja létí omi, níbi tí Ṣakirat àti màmá wa ti ń yan ẹja. Ó ń rẹ́rìn-ín o, àmọ́ òógùn ti bò ó, iwájú orí rẹ̀ ń dán gbinrin bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Oníṣòwò kan ṣoṣo tó láyà láti gba ẹnubodè, tó máa bá wa mú fọ́tò lọ sílé, yóò sì gbéra lọ́jọ́ kejì!

Ṣakirat ké sí mi: "Kàmórù, ṣé ojú yìí ni màmá Mùtíù máa kọ́kọ́ rí? Jamais, láéláé! Abeg, wá nǹkan ṣe sí i!"

Mo ń ṣiṣẹ́ ní síbà kafé kan ní àdúgbò Makepe, níbi táwọn èèyàn ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń fọ́nnu nígbà yẹn! Mo fi sìkánà gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, mo kọ ìlà mélòó kan: ibikíbi tó bá ń dán lójú ẹni inú fọ́tò, kí kọ̀ǹpútà pa dídán náà, kí ibẹ̀ rí bí awọ ara tó gbẹ, tí wọ́n fi páúdà sí. Mo tẹ bọ́tìnì. Òógùn pòórá! Mo pariwo, àwọn oníbàárà wò mí bíi wèrè.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sáré gbé e lọ sílé. Ṣakirat wò ó. Kí ló wò? Iwájú orí nìkan! Ó ní ó ti dára, ó sì dí i pa sínú àpò lẹ́tà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Mùtíù pè. Ó ní ìyá òun ń bèèrè àìsàn tó ń ṣe ọmọ náà, pé kò sí ẹ̀mí lójú rẹ̀ rárá, àwọn ò sì lè fẹ́ aláìsàn fún ọmọ àwọn.

Mo sáré lọ wo kọ̀ǹpútà. Yéè! Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó máa ń wà nínú ẹyinjú, kóòdù mi ti pa á. Eyín rẹ̀ rí bí ẹfun. Mo ti sọ ẹ̀gbọ́n mi di ère!

Ṣakirat fi ìgbálẹ̀ lé mi yí ilé ká, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Màmá wa ní ká fi fọ́tò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ bó ṣe wà, tòógùn tèéfín. Ṣakirat yarí. Màmá ní àwọn ò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá Mùtíù fúnra wọn ló pè. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, tó tún ń rẹ́rìn-ín, òun gan-an làwọn ń bẹ Ọlọ́run fún. Wọ́n ní àwọn fara mọ́ ọn. Wọ́n tún ní àwọn ń ṣàdúrà ìwòsàn fún ẹ̀gbọ́n Ṣakirat tó ń ṣàìsàn, èyí tí wọ́n rò pé a kọ́kọ́ ṣèèṣì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́!

Màmá wa ṣe "Àmín." Títí dòní, a ò tíì sọ fún wọn pé Ṣakirat kan náà ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: kí o tó pa ohun tó ń dán lójú èèyàn, kọ́kọ́ bèèrè bóyá òun lẹlòmíràn ń wá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti tún fọ́tò yín ṣe títí tí ìyá yín ò fi dá yín mọ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí èmi nìkan má baà di ẹni ẹ̀sín!