Èlé Tí Wọ́n Wé Láwàní Fún

Bí ẹ bá kí Islamiat kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ wò yín lójú ná kó tó dáhùn. Ọmọ Ṣakí ni, Agbowó ló ti ń ta ẹyin, obìnrin náà sì lè fura sí òjìji ara rẹ̀. Tó bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, á ti béèrè ṣéńjì kó tó jókòó. Tí ẹ bá fún un lówó, á gbé e sókè síhà oòrùn, ì báà jẹ́ lẹ́mọ́mù ló fún un. Kì í ṣe ìwà burúkú o. Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ rí ni, kò sì gbàgbé.

Ẹyin ló fa ọ̀rọ̀ mọ́tò. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń kó kiréètì lọ fún àwọn tó ń dáná fún ọmọ iléèwé ní Bódìjà àti Ṣàngó, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló sì ń gba tiwọn lára ẹyin. Obìnrin tó ń rajà jù lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ láìfi bò: bó bá tún gbé ẹyin fífọ́ wá, òun yóò wá ẹlòmíì. Bí onítọ̀hún bá lọ, ìdajì ọjà Islamiat ló lọ yẹn. Ó nílò mọ́tò, kò sì lówó ẹ̀. Kò yáwó rí láyé ẹ̀, kò sì fẹ́ bá Ọlọ́run rojọ́ lórí èlé báńkì.

Wọ́n wá júwe Àlàájì Àníọlá fún un. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ́ṣáláṣí kan ní Mọ́kọ́lá. Bàbá ṣàlàyé pé ẹgbẹ́ kì í yáni lówó gbèlé. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò ra mọ́tò náà, yóò fi èrè díẹ̀ lé e, yóò tà á fún un, Islamiat yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Islamiat gbọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín sínú. Lójú tirẹ̀, èlé náà nìyẹn, wọ́n kàn wé láwàní fún un ni. Ó béèrè pé bí mọ́tò bá wá kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó tà á fún òun ńkọ́.

"Ọmọ mi, àwa la ni ín nígbà yẹn," ni Àlàájì wí. "Àwa la máa gbé àdánù ẹ̀. Bí a ò bá lè gbé e, èrè tí à ń jẹ lórí ẹ̀ ti di harámù nìyẹn."

Ó dùn létí. Ohun tó bá sì ti dùn létí báyẹn, Islamiat kì í gbà á gbọ́.

Challenge ni wọ́n ti rí mọ́tò, tòkunbọ̀ kan tó láyè lẹ́yìn dáadáa, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó fẹ́ mọ́tò ni yóò mú mẹkáníìkì tó fọkàn tán wá. Islamiat kò fọkàn tán mẹkáníìkì kankan, ṣùgbọ́n ó mú Àyàndìran wá. Àyàndìran wà á yí po, ó dé, ó pè é sí kọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ra mọ́tò yìí. Jíà ẹ̀ ti fẹ́ lọ. Wọ́n kàn dọ́gbọ́n sí i ni."

Èrò àkọ́kọ́ tó wá sí Islamiat lọ́kàn ni pé ẹlòmíì tó ń ta mọ́tò ti ṣèlérí ẹ̀gúnjẹ fún Àyàndìran. Èrò kejì ni èyí tó burú. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló ń sọ ńkọ́? Kó bàjẹ́ mọ́ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ná, kí òun wo bí àwọn oníláwàní yóò ṣe ṣe é. Nígbà tí Àlàájì béèrè bóyá mẹkáníìkì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò purọ́. Ó kàn ní òun kò ní í fọwọ́ síwèé àfi tí mọ́tò bá dé mọ́ṣáláṣí. Àlàájì ní kò burú, ọmọ òun gbọ́n.

Ẹgbẹ́ sanwó. Àlàájì fúnra rẹ̀ ló wà á, Islamiat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé títà wà nínú fáìlì láàárín wọn. Wọ́n gba Ring Road, wọ́n gba Dùgbẹ̀, mọ́tò ń lọ wẹ́rẹ́, Islamiat sì ti ń bínú sí Àyàndìran. Àfi bí wọ́n ṣe fẹ́ máa gun òkè Mọ́kọ́lá. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè. Islamiat ò wo ọ̀nà. Fáìlì ló ń wò. Ó ń retí kí bàbá ṣí i, kó ní kó fọwọ́ sí i kíá.

Bàbá fa bíréèkì ọwọ́. Ó mú fáìlì, ó tì í sábẹ́ ìjókòó.

"Má fọwọ́ sí nǹkan kan o, ọmọ mi. Mọ́tò wa ló bàjẹ́."

Ó pe àwọn tó máa ń wọ́ mọ́tò, ó pe akápò ẹgbẹ́, ó ní kí wọ́n yọ owó jíà nínú èrè ọdún. Islamiat ń gbọ́ bí akápò ṣe ń fapá jánú lórí fóònù, tó ń béèrè ohun tí àwọn fẹ́ sọ fún àwọn ìyá arúgbó tó ń retí èrè náà láti fi ṣọdún. Bàbá wá yíjú sí i, ó béèrè ohun tí mẹkáníìkì rẹ̀ sọ gan-an, kí òun lè sọ ọ́ fún ẹni tó máa tún un ṣe. Kò sí ìfura kankan lójú ẹ̀. Ìyẹn ló dun Islamiat jù. Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀, ojú tì í, ó gbé e mì.

"Ó ní jíà ẹ̀ ti fẹ́ lọ."

Bàbá ò bínú, ó bọ́ sílẹ̀, ó wá òkúta há sábẹ́ táyà. Ìta níbẹ̀ ló dúró sí títí àwọn tó ń wọ́ mọ́tò fi dé.

Wọ́n tún jíà ṣe. Iye tí wọ́n ti jọ dá lé e tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ tà á, kò lé kọ́bọ̀ kan. Ọjọ́ ìfọwọ́síwèé, Islamiat bá Àyàndìran nídìí mọ́tò ní mọ́ṣáláṣí. Òun kọ́ ló pè é. Ẹgbẹ́ ló ránṣẹ́ sí i, akápò ló sì ń jábọ̀ fún.

Àlàájì na kọ́kọ́rọ́ sí Islamiat, ó ní kó yẹ mọ́tò wò dáadáa kó tó gbà á. Islamiat ní kò pọn dandan. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹ̀dá kankan rí láti ìgbà tó ti ń ta ẹyin.

"Mo gbà yín gbọ́, Àlàájì."

"Ẹ ṣeun, màdáámù," ni bàbá wí, pẹ̀lú ọ̀yàyà. "Àwa náà á máa gbìyànjú láti gbà yín gbọ́."

Islamiat wọ mọ́tò, ó ki í sí jíà, jíà wọlé láìdún. Ẹyin rẹ̀ ò fọ́ mọ́, oníbàárà rẹ̀ ò sì lọ. Ṣùgbọ́n títí ó fi san owó mọ́tò náà tán, "ẹ" ni bàbá fi ń bá a sọ̀rọ̀, kò pè é ní ọmọ òun mọ́.