Àṣírí Tí Màmá Bá Mi Pa Mọ́

Inú ṣì ń bí mi. Ó ti lé lọ́dún kan, mi ò sì tíì rí ẹni tí mo lè dojú ìbínú náà kọ àfi èmi fúnra mi.

Yàrá kan ni mo gbà ní Agége, nínú ilé gígùn kan tí àwọn yàrá ti kọjú síra wọn. Ìyá tó bí mi kú ní Èkìtì kí n tó parí ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn, mi ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n, mi ò lábúrò. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ́, ó lè di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi. Àfi Màmá.

Màmá kì í ṣe ẹbí mi o. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, yàrá wọn ló dojú kọ tèmi, iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìlúpéjú ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ tí bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ bá ti kó wọn títí di ìrọ̀lẹ́, orí ìdúró ni wọ́n ń wà tí wọ́n ń di bísíkíìtì sínú páálí. Kò sí àga. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ fún mi pé tí ẹsẹ̀ bá ti fẹ́ já, àwọn á ní àwọn fẹ́ tọ̀, àwọn á lọ jókòó sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

"Ibẹ̀ nìkan làga tiwa wà," wọ́n ní, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ti wú síwájú.

Mo bẹ̀ wọ́n kí n gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, wọ́n gbà. Ìròyìn tí mo ṣe nípa àwọn obìnrin tí kì í jókòó nìyẹn. Iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ìkejà tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́. A ò dárúkọ Màmá, nítorí iṣẹ́ wọn.

Kò pẹ́ sí i ni mo rí sikọ́láṣíìpù náà. Ọdún kan gbáko lókè òkun, fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di akọ̀ròyìn àgbáyé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ibùgbé ọ̀fẹ́. Wọ́n ní ká fi ìròyìn kan tá a ṣe fúnra wa ránṣẹ́, ká sì kọ nọ́ńbà ẹnìkan tó sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, kí àwọn lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òótọ́ ni. Mo kọ nọ́ńbà Màmá. Mo rò pé ìwé lásán ni, pé ta ló fẹ́ fi owó ìpè ṣòfò láti òkè òkun torí tèmi.

Ẹ sì mọ bá a ṣe ń ṣe é níbí. Ẹni tó bá fẹ́ jápa kì í sọ, ó di ìgbà tí bàálù bá balẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi kan sọ tiẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì jó pẹ̀lú ẹ̀, ni wọn ò bá fún un ní físà. "Òyìnbó" ni wọ́n ń pè é ládùúgbò títí ó fi kó kúrò. Èmi kọ́ ni wọ́n máa ṣe ìyẹn fún! Màmá nìkan ni mo sọ fún, mo sì kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi, ẹ ní ẹ ò mọ nǹkan kan."

Wọ́n fi ìka kan ètè. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ mi, inú mi níbí ló máa kú sí."

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn onísikọ́láṣíìpù kọ̀wé pé mo wà lára àwọn díẹ̀ tó kù. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi, mo jó nínú yàrá bí ayírí, èmi nìkan. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo gbé fóònù mi lọ sí Computer Village nítorí ojú ẹ̀ tó fọ́, ọkùnrin tó ń tún un ṣe rí ìwé náà lójú fóònù.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti ń jápa ni?"

"Rárá o, ti àbúrò mi ni."

Àbúrò wo? Ìgbà tí mo ń darí bọ̀ wálé ni omijé bọ́ lójú mi, torí ó wù mí gan-an kí n lábúrò kan tí mo lè sọ fún.

Abúlé Ẹ̀gbá ni mo wà, láàárín èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, nígbà tí ìwé kejì wọlé. Wọ́n ní àwọn pe ẹni tí mo kọ nọ́ńbà ẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ mí rí, òun ò sì bá akọ̀ròyìn kankan sọ̀rọ̀ rí láyé òun. Nítorí náà, àwọn ò lè bá mi lọ síwájú mọ́. Wọn ò pè mí ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n kí ló kù? Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè wọ bọ́ọ̀sì.

Mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Màmá, mo ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Mo máa bi wọ́n pé kí ni mo ṣe fún wọn. Bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ já wọn sílẹ̀, wọ́n tiro dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n fà mí wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ojú wọn ń dán.

"Ọmọ mi, ọ̀tá ò sùn! Ọkùnrin kan pè mí níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Ó ní ṣé mo mọ̀ ẹ́, pé wọ́n ní o fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́. Mo ní láéláé! Mo ní mi ò mọ̀ ẹ́ rí, mi ò bá akọ̀ròyìn kankan sọ̀rọ̀ rí. Ó tún pè, mo sì fún un lọ́rọ̀ gidi. Ọ̀gá wa bínú sí mi torí fóònù yẹn, mi ò tiẹ̀ kà á sí. Wọn ò ní rí ẹ gbé ṣe, ìńṣá Àlláhù."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu tú ká. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, Màmá."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

Mo kọ̀wé padà sí àwọn ènìyàn náà, mo ṣàlàyé títí. Wọ́n dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn ti mú ẹlòmíràn. Èmi tí mo fẹ́ máa ròyìn fún gbogbo ayé, mi ò rántí sọ fún ìyá kan ṣoṣo pé wọ́n lè pè é. Ẹjọ́ mi ni, kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ rò ó fún? Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè sunkún sí lọ́rùn ni ẹni tí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, Màmá, tí wọ́n rò pé mo ṣì ń retí ìpè, ra súwẹ́tà òkìríkà kan tó nípọn fún mi ní Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ní òtútù òkè òkun kì í ṣe eré. Mo ká a sínú àpótí.

Fọ́ọ̀mù tọdún yìí ti jáde. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ tán, àfi ibi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà. Kò sí ìròyìn mìíràn tí mo ní tó dà bí ti Màmá. Kí Màmá tó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn mọ̀ mí, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí "mi ò mọ̀ ọ́n rí" wọn ṣe fún mi lọ́dún tó kọjá. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àkókò fọ́ọ̀mù náà tó parí.

Láàárọ̀ yìí, Màmá kan ilẹ̀kùn mi kí bọ́ọ̀sì tó dé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ṣé wọ́n ti pè?"

"Wọn ò tíì pè, Màmá."

"Wọ́n máa pè ẹ́." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Ọkùnrin ọjọ́sí yẹn ńkọ́? Kó tún dán an wò kó pè mí. Mo ti múra sílẹ̀ dè é."