Ọkọ̀ Oníná Àǹtí Rọra

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 2023, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná kan, àlòkù, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tó ń kó oògùn kiri àwọn ilé ìwòsàn. Owó tó san kò tó ìdajì owó ọkọ̀ elépo tó kọ́kọ́ lọ wò lọ́jọ́ náà. Rìsíìtì sọ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tó tà á fún un sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bi í, ó sì fi kún un pé bátìrì rẹ̀ ti ń darúgbó, kò lè rìn jìnnà mọ́ kó tó tún gba iná, ìdí nìyẹn tí àwọn fi fẹ́ kó kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ní àdúgbò tí obìnrin yìí ń gbé, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, àtẹni tó rí rìsíìtì, àtẹni tí kò rí i.

Àǹtí Rọra ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ìwà rẹ̀ ló rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Rọra" lọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù nínú ọkọ̀: rọra tẹ̀ ẹ́, rọra yí i, rọra, ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa wá ni? Ó ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún, nínú ọkọ̀ elépo kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé igbe ló fi ń ké "rọra" náà. Ohùn rẹ̀ há sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ní ilé ìfowópamọ́ á rò pé ó ń bínú ni.

Oṣù kejì ọdún yẹn ni ọkọ̀ elépo náà kú, ní pápá kan lẹ́yìn iléeṣẹ́ bíríkì tí wọ́n ti tì pa, níbi tó ti máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ló wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin yìí ló ń fọ aṣọ fún ìdajì àdúgbò, ó lé díẹ̀ lógójì ọdún, apá rẹ̀ sì le bí apá agẹgẹdú. Ilé ìwòsàn kan ti ṣèlérí láti gbé fífọ aṣọ ibùsùn wọn lé e lọ́wọ́, bó bá lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kó lè máa fi ọkọ̀ wọn kó aṣọ náà lọ, kó sì máa fi kó o bọ̀. Wọ́n fún un di ìparí oṣù kẹfà. Iṣẹ́ tó lè gbé èèyàn kúrò nídìí abọ́ dé ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ nìyẹn. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èéfín dúdú yọ, gbogbo nǹkan sì dákẹ́.

"Àǹtí, mo ti pa á," ni Alágbàfọ̀ wí.

"Ó ti ń kú bọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹsẹ̀ tìẹ ló kàn bá òpin pàdé."

Ojú ẹsẹ̀ náà ni Àǹtí Rọra ṣèlérí fún un pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, òun á kọ́ ọ títí tí á fi gba ìwé. Kì í ṣe ẹni tó ń pín ìlérí kiri, ìdí nìyẹn tí èyí fi wúwo lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tó ra ọkọ̀ oníná náà, kí oòrùn tó yọ, ló gbé e wọ àdúgbò. Kùrukùru wà nílẹ̀. Ó ní ṣe ló dà bíi pé òun jókòó sójú kan, tí àwọn ilé àti igi sì ń rìn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti sùn. Ó gbọ́ bí táyà ṣe ń lá omi ojú títì. Ó gbọ́ ẹyẹ. Ó gbọ́ ẹnì kan tó ń gbálẹ̀ nínú àgbàlá, kò sì rí ẹni náà. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó ní "rọra" fún ara rẹ̀, ohùn tó gbọ́ sì ṣàjèjì sí i. Ohùn ọmọbìnrin kan ni, ẹni tó ti gbàgbé. Ó tún un sọ, kó lè mọ̀ bóyá òun náà ni.

Télọ̀ tó wà ní òdìkejì ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà tó máa yíjú padà, ọkọ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ni èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú oríire o. Ẹ ò wá sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Àlòkù ni. Owó pọ́ọ́kú ni mo rà á."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin olówó máa ń wí," ni télọ̀ sọ. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó yọjú sínú ọkọ̀.

Bàtà bíbọ́ di àṣà láti ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bọ́ ọ. Páálí oògùn ti ha inú ọkọ̀ náà jẹ fún ọdún mẹ́fà, òórùn oògùn ikọ́ ò tíì kúrò nínú àga ẹ̀yìn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa wọ inú rẹ̀ tí kò ní fi bàtà sílẹ̀ lójú títì bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá ìyàwó tuntun. Onílé rẹ̀, tó ti ń pè é ní "ìwọ" láti ọjọ́ tó ti kó débẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ẹ̀yin". Ọ̀wọ̀ náà kò pẹ́ kó tó dárúkọ iye tó jẹ́: kí oṣù tó parí, owó ilé ti lé sí i.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni kò padà wá. Àwọn kan ní ọkọ̀ tí kò ní jíà kì í kọ́ èèyàn ní nǹkan kan, ọ̀rọ̀ yẹn sì ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Àwọn tó pọ̀ jù ní Àǹtí ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn. Nígbà tí wọ́n bi àwọn yẹn léèrè iye tó ń gbà báyìí, kò sí èyí tó mọ̀. Wọn ò béèrè. Wọ́n ti wo ọkọ̀ náà, ọkọ̀ náà sì ti dá wọn lóhùn.

Ó wá kọ iye tó ń gbà sára ilẹ̀kùn ọkọ̀, lẹ́tà gàdàgbà, iye tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ìyẹn ló tún ba nǹkan jẹ́. Bàbá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń wo màlúù lọ́jà.

"Kí ló ṣe é?" ni bàbá náà bi í.

"Kò ṣe nǹkan kan, sà."

"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Báwo ni tiyín ṣe wá pọ́ọ́kú báyìí?"

"Àwọn tó kọ́kọ́ sè é ló náwó sí i, sà. Àjẹkù lèmi rà."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ń bọ̀, àwọn fẹ́ ra nǹkan ní iwájú níbẹ̀ yẹn, wọn ò sì padà wá.

Àbúrò Àǹtí Rọra ọkùnrin, mẹkáníìkì ni, kò sì fẹ́ràn ọkọ̀ náà, nítorí ó ti ṣí iwájú rẹ̀, ó wá ibi tó máa tọwọ́ bọ̀ tí epo á fi yí i lọ́wọ́, kò rí. Àmọ́ òun ló mú àbá wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ wo la ti ń pe mọ́tò ní ayọ́kẹ́lẹ́? Èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ lóòótọ́. Ẹ ní ohun tí ò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ wá ń tà á bí ẹ̀pà. Wọ́n ti sọ pé olówó ni yín, ẹ kúkú jẹ́ ẹ."

"Olówó wo? Ìwọ lo yá mi ní owó tí mo fi gbé e délé."

"Ṣé mo sọ fún wọn ni?"

Àǹtí Rọra pa iye ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, èèyàn ti ń tò. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wakọ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ogún ọdún. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ padà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun sì fẹ́ kó jẹ́ pé iwájú ilé àwọn àna òun làwọn á máa gbà kọjá. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, á yí gíláàsì sílẹ̀, á gbé ìgbọ̀nwọ́ síta, á sì wa ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń gbé omi kíkún lórí. Àǹtí Rọra kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Á fẹ̀yìn ti àga, á di ojú, ìlú á sì máa ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Oúnjẹ padà sílé. Àmọ́ Alágbàfọ̀ kò wá. Oṣù kẹrin lọ, oṣù karùn-ún lọ. Àǹtí Rọra ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, èsì kan náà ló ń gbà: aṣọ pọ̀ nílẹ̀. Ó rò ó títí. Bóyá ìtìjú ọkọ̀ tó kú ni. Bóyá iye tuntun tó wà lára ilẹ̀kùn ni. Ó máa ń rí i lójú oorun, tó ń rìn lọ ní ojú títì pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, tí òun sì ń wakọ̀ tẹ̀ lé e, tí Alágbàfọ̀ kò gbọ́ nítorí ọkọ̀ kò dún, tí òun náà sì pè títí tí ohùn ò jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, ó gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù, ó sì lọ bá a nílé.

Ẹ̀yìn ilé ni Alágbàfọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Okùn pọ̀ níbẹ̀ láti ògiri dé ògiri, aṣọ ibùsùn funfun àwọn ará àdúgbò sì wà lórí gbogbo wọn, afẹ́fẹ́ ń mí sínú wọn díẹ̀díẹ̀. Àǹtí Rọra wakọ̀ wọ àárín wọn. Aṣọ ń fi ọwọ́ tútù pa gíláàsì, ó ń ṣí, ó ń padé, kò sì sí ariwo kankan, débi tó fi ṣe é bíi pé òun ò tíì jí. Nígbà tí aṣọ tó kẹ́yìn ká kúrò, Alágbàfọ̀ ló dúró níwájú ọkọ̀, pẹ́ẹ̀gì méjì tó fi ń mú aṣọ mọ́ okùn wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí èèyàn kú ni?" ló wí, lẹ́yìn tó ti yọ wọ́n lẹ́nu.

"Mo fọn fèrè ni, o ò gbọ́?"

"Irọ́ lẹ ń pa, Àǹtí."

"Irọ́ ni mo ń pa. Ṣé torí ọkọ̀ tó kú yẹn ni o ò ṣe wá?"

"Rárá o."

"Ṣé owó ni? Iye ti tẹ́lẹ̀ ni tìẹ. Má wo ohun tí mo kọ síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ kì í yẹ àdéhùn."

"Kí ló wá dé?"

Alágbàfọ̀ wo ojú ọ̀run, bí ẹni tó ń wo bóyá òjò máa rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán," ló sọ.

Ó fẹ́ bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Àǹtí Rọra ní kó wọ̀ ọ́ padà, pé ọkọ̀ oògùn ikọ́ ni.

Pápá náà tutù fún ìrì. Alágbàfọ̀ bọ́ sídìí sítíárìn, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìtẹ̀ ọkọ̀, ó ṣe gírí, ó ń dúró de ariwo tí kò wá, ọkọ̀ náà sì ti ń lọ. Koríko ń tẹ̀ níwájú wọn bí omi ṣe ń là fún ẹja. Wọ́n yí òkìtì bíríkì àkọ́kọ́, wọ́n yí èkejì. Apá tó ti ń fún aṣọ láti kékeré mú sítíárìn náà bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn.

"Rọra," ni Àǹtí Rọra wí.

Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé ohùn yín nìyí?"

"Òun ni. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà látọjọ́ yìí."

Alágbàfọ̀ fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ náà gba àárín òkìtì méjèèjì kọjá, kò kan ọ̀kankan. Ó tún un ṣe. Kò tún sí ohun tó kù láti kọ́ ọ ní pápá, Àǹtí Rọra sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí wọ́n máa dán an wò, ojú títì ni wọ́n sì ti máa ṣe é.

"Ó ti tó níbí," ló wí. "Gba ẹnu géètì jáde, kí o yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ká gba ojú títì lọ, ká sì gba ibẹ̀ padà sílé."

Alágbàfọ̀ tan iná ìyàsọ́tùn-ún. Ó wakọ̀ dé ẹnu géètì, ó sì dúró. Ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti tò sí ibùdókọ̀ ní òdìkejì, àwọn mìíràn ń rìn bọ̀. Ọkùnrin kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, Alágbàfọ̀ sì dá ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ̀ kó tó dá ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀. Ó dá búláúsì obìnrin tó tẹ̀ lé e mọ̀. Ó dá aṣọ àwọn ọmọ iléèwé mẹ́ta mọ̀. Ó tẹrí wálẹ̀ sórí sítíárìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí bíréèkì.

"Lọ, ọ̀nà ṣófo," ni Àǹtí Rọra wí.

Ọkọ̀ ò mira. Iná ìyàsọ́tùn-ún ń tàn, ó ń kú, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́.

"Àǹtí, mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín," ni Alágbàfọ̀ sọ, kò gbójú sókè. "Àwọn oníbàárà mi ló kún ọ̀nà yẹn. Tí wọ́n bá rí mi nínú mọ́tò yìí, ta ló máa tún gbé aṣọ fún mi fọ̀ lọ́la?"