Ìdí Tí Ìyá Mi Fi Ń Kí Gbogbo Ilé ní Màpó

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń kí èèyàn kiri. Tíṣà àtijọ́ ni. Àwọn èèyàn ló ń kí i. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé bí a bá ti ń gòkè láti Ọjà'ba lọ sí Màpó, ó yà mí lẹ́nu. Yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè ọmọ-ọmọ, kódà ó béèrè ewúrẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ní bóyá àgbà ló ń sọ ọ́ di ọlọ́yàyà. Èmi olójúmìító, ibi tó yẹ kí n tọpinpin gan-an ni mi ò tọpinpin.

Ó ti pẹ́ tí làkúrègbé ti ń bá a fínra. Kì í ṣe ti àgbà lásán: wọ́n ti ṣàlàyé fún wa nílé ìwòsàn pé àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló dojú ìjà kọ ara náà, tí ìka rẹ̀ fi ń wú láràárọ̀. Nígbà tí ikọ́ gbígbẹ tún dé, ọyẹ́ la di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Dókítà rẹ̀, obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, fi ẹ̀rọ gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ó wá ní kí èmi náà gbọ́ ọ. Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, bó ṣe ń mí sínú, nǹkan ń ta pàràpàrà bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Ó wù mí kí n máa gbọ́ ọ lọ, àfi ìgbà tí mo rántí ẹni tó ni ẹ̀yìn.

"Mà, ṣé ẹ máa ń dúró sinmi bí ẹ bá ń gun òkè?"

"Rárá o."

Dókítà fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa ń dúró, Màámi."

"Mo ń kí èèyàn ni!"

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ilé mélòó lẹ máa ń kí, mà?"

Ìyá mi wolẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan. Ní báyìí, mẹ́fà."

Dókítà ní àìsàn tó ń mú ìka rẹ̀ wú lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì dápàá síbẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ há a níka, ó ní ká máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ká má kí ẹnikẹ́ni. Ní ìlọ kẹta, iye tí ẹ̀rọ ń kà ti já wálẹ̀, ìyá mi di ògiri mú. "Mi ò lè mí délẹ̀," ó ní. Ojú tì mí gan-an.

Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Àpá wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Dókítà ní èyí tó ti di àpá ò lè padà, ṣùgbọ́n àwọn yóò fi oògùn gbìyànjú kó má tàn síwájú.

Ìyá mi wo àwòrán náà pẹ́. Ó fi ìka wíwú rẹ̀ tọ́ ibi tí àpá ò tíì dé. Kò wo dókítà. Èmi ló wò.

"Èyí tó kù yìí, ṣé ó máa tó mi lò?"