Dísìkì Tó Gba Inú Igbó Wá

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlaròó nítorí mo sọ pé mo mọ kọ̀ǹpútà lò. Mo ti rí i rí lóòótọ́. Aṣọ ni wọ́n dà bò ó lọ́jọ́ náà.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tá a ní ń tàn dáadáa, ó ń gba ohun tí mo bá tẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í tẹ nǹkan kan jáde sórí bébà. Á kàn kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun ò rí ètò tí òun fi ń bá púríńtà sọ̀rọ̀. Dísìkì tí ètò náà wà nínú rẹ̀ ti sọnù kí n tó débẹ̀. Ọ̀gá mi ní ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ rí ìwé ìdánwò lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá sí, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn, kí n máa padà sóko bàbá mi ní Ìjoun. Mo mọ oko náà. N kò fẹ́ padà síbẹ̀.

Mo béèrè títí. Wọ́n ní kí n lọ Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta ní Èkó ni. Èkó ní ta ló rán mi wá. Níkẹyìn, olùkọ́ èdè Faransé kan ní àbúrò òun ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bodè, ń lo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, yóò sì ṣe àdàkọ ètò náà sínú dísìkì fún mi. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Màmá, tó ń kó ìrẹsì láti Àjàṣẹ́ gba Owódé wọlé, ni mo bẹ̀ pé kó bá mi gbà á bọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Màmá ti ń ṣòwò yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù ò sì rí i mú rí.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó yọ sí mi ní ọ́fíìsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ẹ̀gún ti ya ìró rẹ̀. Kò gba ọ̀nà ọlọ́dà. Ó ki ọwọ́ bọ inú tòbí, ó yọ dísìkì náà jáde. Ó ti ká a sí mẹ́rin.

“Ibi mẹ́ta ni mo ti yà fún kọ́sítọ́ọ̀mù,” ló wí. “Wọn ò gbóòórùn ẹ̀.”

“Màmá, wọn ò fòfin dè é.”

“Ohun tó dáa wo ni wọn ò fòfin dè rí?”

Mo tú dísìkì náà, mo fi ìwé ńlá méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì jókòó lé ìwé náà. Màmá gbàdúrà sí i. Nígbà tí mo tì í bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu, ó kùn bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun, ó sì tún kọ ohun tó ti ń kọ tẹ́lẹ̀.

“Ṣé ó ti gbà á?” Màmá ló bi mí, kò mọ̀wé kà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú ara mi sì ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá bá wa. Màmá kí i, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e mọ́. Mo ti bá a gbé e dé.”

Ọ̀gá wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó wo ẹsẹ̀ Màmá.

“Ẹ kú làálàá, Màmá,” ló wí. “Ó ti ṣiṣẹ́.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ó gbọn ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ọ́fíìsì, ó lọ wá mọ́tò.

Mo ń retí kí ọ̀gá lé mi. Ó fa àga, ó ní kí n gbé taipuráítà wá. Ó ní ìwé ìdánwò ni ìgbìmọ̀ ní àwọn fẹ́ rí, wọn ò ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó tẹ̀ ẹ́. Ó ń ka ìbéèrè, mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí sítẹ́ńsìlì, bébà fẹ́lẹ́ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà púpọ̀. Nígbà tá a dé ìbéèrè kẹrin, omijé dí mi lójú, n kò rí lẹ́tà mọ́.

Ọ̀gá ní kí n gbé orí sẹ́yìn, pé sítẹ́ńsìlì kan ṣoṣo yìí ló kù.